Owó Wa Ló Ń Bá Èéfín Lọ: Àlàyé Lórí Iná, Afẹ́fẹ́ àti Ríro

  

Ẹni tó bá wá sí ìpàdé tó kọjá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ariwo. Àwọn tó ń yan gàrí ní kí á mú nínú owó àjọni, kí á fi ra fáànù kékeré tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ààrò. Àwọn tó ń se ọṣẹ ní rárá o, ẹ̀rọ tí ń ro ọṣẹ ni kí á kọ́kọ́ rà, apá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára àwọn. Bàbá kan wá dìde láti ẹ̀yìn, ó ní bí ríro bá dára fún iná, tó sì dára fún ọṣẹ, kí ló dé tí a kò ní ra ẹ̀rọ tí yóò máa ro ẹ̀gẹ́ tí a rìn, kó lè tètè kan? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni bàbá béèrè. Ìgbìmọ̀ ní kí àwa tí a di kálàmù mú lọ wádìí, kí á sì kọ ohun tí a bá rí síbí kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Òun la ṣe kọ èyí. Bó bá gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò. Ọ̀pọ̀ wa rò pé igi ló ń jó. Bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí ká sọ pé kì í ṣe igi fúnra rẹ̀ ni iná tó ń yọ ahọ́n yẹn. Bí igi bá gbóná, ooru á máa fa oruku kan jáde lára rẹ̀. Oruku yìí ni ó ń pàdé afẹ́fẹ́ tó sì ń gbiná. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 21 péré ni ọ́síjìn, ìyẹn apá tí iná ń jẹ. Nítorí náà, igi gbígbẹ kìló 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kìló 5 sí 6 kó tó lè jó tán pátápátá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: afẹ́fẹ́ tí iná fẹ́ wúwo ju igi tí ẹ rù wálé lọ nígbà márùn-ún. Igi la fowó rà. Ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá wọ ibi tó yẹ kó wọ̀.

Bí oruku igi kò bá rí afẹ́fẹ́ pàdé nígbà tó ṣì gbóná, yóò gòkè lọ láìjó. Ohun tí à ń pè ní èéfín nìyẹn. Dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí agbada, tó ń lẹ̀ mọ́ àjà, tó ń wọ ojú àwọn ìyá wa, epo ìdáná tí kò jó ni. Ẹni tó bá rí èéfín dúdú kó máa wò ó bí ẹni ń wo owó tó ń fò lọ.

Wàyí o, afẹ́fẹ́ kúkú yí ààrò ká. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí kò fi pàdé oruku? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ ríro.

Ẹ bu omi sínú ife, kí ẹ kán aró kan ṣoṣo sí i. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, aró náà yóò rọra máa ràn, yóò pẹ́ kó tó kárí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tán. Ṣé ṣíbí náà ló mú ẹyọ aró kọ̀ọ̀kan lọ síbi tó yẹ? Rárá. Ohun tí ṣíbí ṣe ni pé ó na aró náà gùn, ó ká a padà, ó tún nà án, bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, títí aró yóò fi di òwú tín-ín-tìn-ìn-tín, tí omi wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tó sì wà lápá òsì. Ìrìn tó kù fún aró wá kúrú gan-an, ó sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Bí iná àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ríro kì í fi nǹkan jó nǹkan. Ọ̀nà ló ń gé kúrú.

Ní 1883, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Osborne Reynolds ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí omi máa gba inú ọ̀pá gíláàsì kọjá, ó sì ń jẹ́ kí aró díẹ̀ máa bá a lọ. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, aró lọ gbọọrọ láàárín rẹ̀ bí òwú ìránṣọ. Ó ṣí omi sí i. Òwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó tún ṣí i sí i, lójijì ni òwú já, tí gbogbo inú ọ̀pá sì kún fún ààjà kéékèèké tó ń yí lọ yí bọ̀. Bí nǹkan olómi tàbí afẹ́fẹ́ bá ń lọ jẹ́jẹ́, kì í pò. Bó bá ti yára dé ààyè kan, á di ìrúkèrúdò, á sì pò fúnra rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ bó ṣe ń yára tó, bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti bí nǹkan náà ṣe ki tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oyin mọ̀ pé oyin kì í tètè rú bí omi. Ààjà ńlá a máa bí kékeré, kékeré a bí èyí tó tún kéré jù ú lọ, títí wọn yóò fi kéré débi pé kíki nǹkan náà á pa wọ́n. Ará Rọ́ṣíà kan, Andrey Kolmogorov, ló ṣe ìṣirò èyí sójú ìwé ní 1941.

Àwọn baba wa kò ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sí Ìsúndùnrìn, kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́, ìdàrọ́ irin sì ń bẹ níbẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti lọ wò. Ẹni tó ń yọ́ irin kì í kàn fẹ́ iná ṣáá. Èédú ló ń kó sínú ìléru pẹ̀lú òkúta irin, ó sì ń fi ọ̀pá amọ̀ mú afẹ́fẹ́ wọlé níwọ̀n. Nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, iná á mú kíkan. Lókè díẹ̀, níbi tí ọ́síjìn ti tán, èédú kò ní lè jó tán, yóò máa mú gáàsì kan jáde tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì lorúkọ rẹ̀. Gáàsì yìí ni yóò já ọ́síjìn gbà lára òkúta, tí irin yóò fi ṣẹ́kù. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, irin kò ní jáde. Bó bá kéré jù, ìléru á tutù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Gáàsì yìí kan náà ló ń pa èèyàn nínú yàrá. Ẹni tó gbé èédú jíjó wọ yàrá tó sì ti fèrèsé nítorí òtútù ọyẹ́, tàbí tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn, gáàsì àwọn tó ń yọ́ irin ló ń mí símú. Kò ní gbóòórùn ohunkóhun. A ti sọ ọ́ nínú ìwé yìí rí, a tún sọ ọ́.

Alágbẹ̀dẹ tó ń fi ẹwìrì fẹ́ná náà mọ̀ pé bí ẹwìrì bá ti ń lọ sókè-sódò, ẹyín iná á pọ́n, á sì di funfun. Ṣùgbọ́n ẹ dán ẹwìrì yẹn wò lórí fìtílà. Fòó! Ó ti kú. Kí ló fà á tí afẹ́fẹ́ kan náà fi ń jí tibí tó ń pa tọ̀hún? Èédú ní ooru púpọ̀ nínú ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè tètè gbà á lọ. Fìtílà kò ní ju ahọ́n iná tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ, nínú oruku epo nìkan ni ooru rẹ̀ wà. Bí afẹ́fẹ́ bá na ahọ́n náà já kíákíá, ooru á tú ká kó tó lè mú oruku tuntun gbiná. Ìwọ̀n wà nínú ríro, bó bá ti kọjá ààlà, ó di pípa. Ìdí nìyí tí àtùpà fi ní gíláàsì. Gíláàsì ń gbà á lọ́wọ́ ìjì ìta, ooru inú rẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ìsàlẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ. Aimé Argand ará Switzerland ló ṣe irú àtùpà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1780.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀rọ ìlọta wa, nítorí ibẹ̀ la ti jẹbi. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ yẹn ń tú èéfín dúdú kìjikìji, dísẹ̀lì tí a ń dà sí i sì ń pọ̀ sí i. Àwa la kọ́kọ́ pariwo pé ẹni tó ń ta dísẹ̀lì fún wa ló po omi mọ́ ọn. A kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a lọ rà níbòmíràn, èéfín kò dáwọ́ dúró. A ti bá ọkùnrin náà ja láìnídìí, a sì ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ẹ̀rọ dísẹ̀lì, kò sí púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Píísítìnnì á tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná ju ohun tó lè mú epo gbiná lọ, nọ́sù á sì wá fọ́n dísẹ̀lì sí i bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n omi lẹ́nu sára aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Ẹ̀kán kéékèèké wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ pàdé afẹ́fẹ́ tó ń yí bírí, nítorí dísẹ̀lì kìló 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó bíi kìló 14 àti ààbọ̀. Àkókò tó ní kò tó ìṣẹ́jú. Ẹ má ì tíì rò pé a ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá pàápàá, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ní 1931, Harry Ricardo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yàrá kékeré kan sórí ẹ̀rọ dísẹ̀lì kí afẹ́fẹ́ lè máa yí kíkankíkan níbẹ̀ nígbà tí epo bá ń wọlé. Nítorí ríro nìkan ló ṣe é.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú nọ́sù tiwa, ẹnu rẹ̀ ti jẹ. Kò fọ́n epo mọ́, ńṣe ló ń kán tó, tó, tó. Ẹ̀kán ńlá kì í rí àyè jó tán. Fíltà afẹ́fẹ́ náà sì ti kún fún eruku ẹ̀lùbọ́ àti àgbàdo. Nítorí náà epo kò rú, afẹ́fẹ́ kò sì tó. A pààrọ̀ nọ́sù, a fọ fíltà, èéfín dúdú sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Owó dísẹ̀lì oṣù mẹ́ta tó ti lọ kò padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, tiyín náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí bẹntiróòlù bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́, iná kì í rìn nínú rẹ̀ ju nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọdé tó ń rọra rìn á yá a jù. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ń yí nígbà 50 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá sí ìrúkèrúdò nínú sílíńdà tó ń fa ojú iná ya, tó ń sọ ọ́ di wúnwún, tó sì ń mú un yára, píísítìnnì á ti sọ̀kalẹ̀ tán kí iná tó dé ògiri. Ká sòótọ́, kò sí mọ́tò tí ì bá rìn. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, kò sẹ́ni tí kò mọ iye tí jálá kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa fọ kabúrétọ̀, ẹ máa gbọn fíltà.

Ti gáàsì ìdáná kò ní gba àyè púpọ̀. Bí ẹ bá wo ibi tí gáàsì ti ń wọ bọ́nà, ẹ ó rí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gáàsì ń tú jáde pẹ̀lú agbára láti ojú kékeré, ó sì ń wọ́ afẹ́fẹ́ mọ́ra gba ihò yẹn, wọn á pò kí wọ́n tó débi tí iná wà. Nítorí náà ni iná rẹ̀ fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí aró. Robert Bunsen ará Jámánì ló jẹ́ kí irú iná yìí gbajúmọ̀ láti 1855. Bí iná yín bá di pupa rúsúrúsú tí ìkòkò sì ń dúdú, ẹ wo ihò náà, aláǹtakùn a máa takùn síbẹ̀, ọbẹ̀ a sì máa dà sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń bà wá lẹ́rù. Pípò tó dára nínú bọ́nà, ikú ni nínú yàrá. Bí gáàsì bá jò tó sì pò mọ́ afẹ́fẹ́ yàrá, láti bí ìdá 2 dé bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ta iná kan tó. Kò sí ríro tó kù láti ṣe, gbogbo rẹ̀ ti pò sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò jó. Ẹni tó bá gbóòórùn gáàsì, kó má tan iná, kó má sì pa iná mànàmáná, títẹ bọ́tìnì yẹn gan-an a máa ta ẹ̀ta. Kó ti ẹnu sílíńdà, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó jáde.

Ó wá ku àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí a rí nínú ìwádìí wa ni pé kí èèyàn tó fowó lé ríro, kó kọ́kọ́ béèrè pé: èwo ló ń dá iṣẹ́ yìí dúró? Ṣé àwọn nǹkan náà kò tíì pàdé ni, tàbí wọ́n ti pàdé ṣùgbọ́n wọn kì í yára ṣe? Oruku igi tó gbóná àti afẹ́fẹ́, bí wọ́n bá ti fojú kanra, ó ti jó. Pípàdé ló ń dá wọn dúró. Nítorí náà, gbogbo agbára tí a bá lò láti rò wọ́n ló ń mú èrè wá.

Ẹ̀gẹ́ tó ń kan kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń kan án, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti wà káàkiri inú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti rìn ín. Kí á rò ó láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ wọn kò ní yára. Bàbá, ẹ má bínú, a kò ní ra ẹ̀rọ yẹn. Ìbéèrè yín ló là wá lójú, a sì dúpẹ́.

Ọṣẹ wà láàárín méjèèjì. Omi eérú àti àdín kì í fẹ́ra wọn, ẹ dà wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ sì lọ, ẹ ó bá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ara wọn ti kanra nìkan ni ọṣẹ ti ń di ọṣẹ. Orógùn ń fọ́ àdín sí wẹ́wẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń kanra lè pọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ríro ni gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ díẹ̀ bá ti wà nínú ìkòkò, ọṣẹ yẹn fúnra rẹ̀ á máa di àdín àti omi mú pọ̀, nígbà tó bá sì ti ki, ooru àti sùúrù ló kù. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún wa, kó tó di pé a ka ìwé kankan, pé òun máa ń bu ọṣẹ àná díẹ̀ sínú ìkòkò tuntun, òun sì ń rò ó kíkan ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn èyí òun á jókòó. A rò pé àṣà lásán ni. Ó tọ́ pátápátá. Ẹ gbìyànjú tirẹ̀ wò ná, apá yóò sinmi, kí owó ẹ̀rọ ìròṣẹ ṣì wà ní báńkì.

Fáànù ààrò la gbà, kì í ṣe nítorí igi nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ló kú káàkiri ayé nítorí èéfín ìdáná inú ilé. A kò ní darúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá mélòó nínú ẹgbẹ́ yìí ni kì í lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láìwúkọ́?

Bí fáànù náà ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ rèé, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọgbọ́n tirẹ̀ mọ̀. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló tó láti mú ẹyín iná pọ́n. Afẹ́fẹ́ tó ṣe pàtàkì ni ti òkè, tí yóò gba ihò kéékèèké wọ ibi tí oruku ti ń gòkè, kó wọlé pẹ̀lú agbára kó lè dá ìrúkèrúdò sílẹ̀ níbẹ̀. Ihò kékeré púpọ̀ sàn ju ihò ńlá kan lọ. Bí fáànù bá le jù, ooru á bá afẹ́fẹ́ lọ, agbada á tutù, bí ọ̀rọ̀ fìtílà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Igi tútù kò sì ní àtúnṣe, nítorí ooru á kọ́kọ́ lọ gbẹ omi inú rẹ̀. Ẹ sá igi.

Ẹyọ kan péré la ó kọ́kọ́ rà. Ààrò méjì tó wà lẹ́yìn ilé ìlọta la ó fi dán an wò, ọ̀kan pẹ̀lú fáànù, ọ̀kan láìsí, a ó wọn igi àti gàrí tó bá jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin méjì tó ń yan gàrí àti ọ̀kan nínú àwọn tó lòdì sí àbá náà ni yóò máa di òṣùwọ̀n mú. Ẹni tó bá fẹ́ wo nọ́sù tó jẹ yẹn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ọ́fíìsì, a kò tíì sọ ọ́ nù.